Lẹ́sìn Ọlidé fún Kóòdù àti Róbọ́ọ̀tì: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Tiyín Sílẹ̀ ní Òṣogbo

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú sàtífíkéètì kan tó ń dán yinrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko lọmọ náà fi kọ́ iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Mo gbé iná LED kékeré kan àti bátìrì pẹlẹbẹ irú ti aago ọwọ́ lé e lọ́wọ́, mo ní kó tàn án fún mi. Ó wo LED, ó wo ìyá rẹ̀, ó wolẹ̀. Fídíò ni wọ́n fi ń hàn wọ́n níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò nìkan ni wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tọ́mọ náà fi rí i pé ẹsẹ̀ kan lára LED gùn ju èkejì lọ, àti pé èyí tó gùn ló ń kan ojú bátìrì tó ní àmì àròpọ̀. Nígbà tí iná tàn, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn lẹ́sìn irú èyí: bí ohun tọ́mọ ṣe kò bá ṣiṣẹ́, ṣé ó lè wá ibi tó ti bà jẹ́ fúnra rẹ̀? Ọmọ tó bá lè ṣe ìyẹn ti ń bá iṣẹ́ bọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, láti orí iná mọ̀nàmọ́ná dé orí bátìrì, ìbéèrè yẹn ló ń tọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ tísà, tàbí òbí, tàbí ọ̀dọ́ kan ládùúgbò tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀, ẹ lè ṣe é. A ti ṣe tiwa lágbègbè Òkè-Fìà, a sì ti ṣe àṣìṣe tó pọ̀ tó láti kọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó wo àpò

Ìparí oṣù Keje ni tá'mù kẹta máa ń parí, iléèwé á sì wọlé padà lóṣù Kẹsàn-án. Lójú ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje wà láàárín. Ẹ má gba ìwé gbọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdajì àwọn ọmọ ti lọ kí ìyá àgbà ní Ìkìrun tàbí Ẹdẹ. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ọjà ni wọ́n ń bá ìyá wọn lọ, wọ́n ń ra ìwé àti bàtà iléèwé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù fún yín. Ẹ fi ìyẹn ṣètò.

Inú oṣù Kẹjọ yìí kan náà ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí. Ẹ bèèrè ọjọ́ àṣekágbá kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Èrò máa ń dí ojú ọ̀nà láti ààfin Àtá-ọ́jà títí dé Igbó Ọ̀ṣun, ọlọ́kadà pàápàá á máa rọ́jú. Ọdún àkọ́kọ́ wa, a fi orí kunkun ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ mẹ́ta ló wá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń bẹ̀bẹ̀ pé káwọn lọ wòran.

Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, ti tó. Ẹ fi Ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀. Jímọ̀ wà ńbẹ̀, ọjọ́ náà lẹ óò sì máa fi tún ẹrù tó bàjẹ́ ṣe, tí ẹ óò fi yẹ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wò. Bí òjò bá sì dé sórí páànù nígbà tẹ́ ẹ wà nínú kíláàsì, ẹ má gbìyànjú àlàyé kankan. Ohùn yín ò ní borí ẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ fún wọn títí òjò á fi dá.

Iye ọmọ, iye ẹ̀rọ, àti ọ̀rọ̀ iná

Ọmọ 24 ni mo fi mọ, lápútọ́ọ̀pù 12, olùkọ́ mẹ́ta. Ẹ ó rí àwọn tó máa ń kó 80 sínú yàrá kan. Owó ló ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ kọ́.

Ọmọ méjì ló ń pín ẹ̀rọ kan. Ọ̀kan á gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, èkejì á máa sọ ohun tí yóò tẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, fóònù olùkọ́ á dún, wọ́n á pààrọ̀. Ẹ má fojú kéré dídún fóònù yẹn. Bí ẹ bá fi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ṣe méjì-méjì láìṣọ́ wọn, kó tó dọjọ́ kẹta ọmọkùnrin á ti di onímọ̀ ẹ̀rọ, ọmọbìnrin á ti di akọ̀wé rẹ̀. Mo ti rí i tó pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a máa ń fi obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dà wọ́n pọ̀ bó ṣe wù yín, kò sẹ́ni tí yóò lè gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ọmọ ọdún 10 sí 17 là ń gbà. Ẹ má pa ọmọ ọdún 10 àti ọdún 17 pọ̀ sórí ẹ̀rọ kan.

Ó yá, iná. Lápútọ́ọ̀pù kan ń jẹ nǹkan bíi 50 wáàtì. Ẹ̀rọ 12 jẹ́ 600 wáàtì. Bí ẹ bá lò wọ́n fún wákàtí mẹ́ta, 1,800 wáàtì-wákàtí nìyẹn. Bátìrì ínfátà oní-12 fóòtù (volt) tó jẹ́ 200Ah ní 2,400 wáàtì-wákàtí nínú lójú ìwé (12 lọ́nà 200), ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò fẹ́ kẹ́ ẹ fà á kọjá ìdajì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Ìdajì 2,400 jẹ́ 1,200. Ìyẹn á gbé yín fún wákàtí méjì péré, fáànù ò tíì sí ńbẹ̀ o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, 650 wáàtì ni agbára rẹ̀. Ó máa fi àyè 50 sílẹ̀ fún yín, tí ẹnikẹ́ni ò bá ki ṣájà fóònù bọ̀ ọ́.

Ohun tó gbà wá là ni pé a kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ méjìlá gba iná lẹ́ẹ̀kan náà. Tí NEPA bá mú un wá lálẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù á ki gbogbo wọn síná. Láàárọ̀, mẹ́fà á máa lo bátìrì ara wọn, mẹ́fà á wà lórí ínfátà, a ó sì yí i padà nígbà ìsinmi. Bí ẹ bá sì lo jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní òórùn tirẹ̀, tó ń pa ènìyàn sójú oorun. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀yìn ilé nítorí òjò.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa lò, yàrá iléèwé tó ṣófo ló dára jù: àga wà ńbẹ̀, pátákó wà ńbẹ̀, ògiri rẹ̀ sì ti mọ ariwo ọmọ. Ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá iléèwé kí tá'mù tó parí. Gbọ̀ngàn mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì náà dára, bí gírìlì fèrèsé bá ti le.

Ẹrù

Ẹ ra lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. 4GB RAM á gbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò: Scratch àti Python tí a fi ń kọ kóòdù (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé), àti Arduino IDE tí a fi ń kọ kóòdù ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀dù róbọ́ọ̀tì. Bí ẹ̀rọ bá ti dàgbà, Arduino IDE 1.8 ni kẹ́ ẹ fi sí i, kì í ṣe ẹ̀yà 2, nítorí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Gbogbo wọn ọ̀fẹ́ ni, gbogbo wọn ló sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ẹ wà wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ kó wọn sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ sì gbé fláàṣì yẹn kọ́rùn bíi kọ́kọ́rọ́ ilé.

Fún àwùjọ kọ̀ọ̀kan: bọ́ọ̀dù Arduino Uno kan tó jẹ́ ọpọlọ róbọ́ọ̀tì, bọ́ọ̀dù oníhò kan tí a ń gún wáyà sí, LED 20, rẹ̀sísítọ̀ 1,000 ohm tó ń dín iná kù, 20, wáyà ìgúnmọ́ 40, ojú HC-SR04 kan tó ń fi ohùn wọn jíjìnnà, L298N tó ń darí mọ́tọ̀, mọ́tọ̀ aláwọ̀ ìyeyè méjì pẹ̀lú táyà wọn, àti ilé bátìrì. N kò ní kọ iye owó síbí nítorí pé yóò ti yí kẹ́ ẹ tó kà á tán. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, ẹ má sì gbàgbé owó wéébìlì bó bá ń bọ̀ láti Èkó.

Ohun mẹ́rin kan wà tí yóò dà yín láàmú bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ìkíní, Arduino tó wọ́pọ̀ lọ́jà, àdàkọ ni. Kò sóhun tó ṣe é, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ń lo ṣíìpù CH340 láti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, Windows míì kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ẹ ó ki bọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, ẹ ò ní rí i. Ẹ fi dráífà CH340, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá ṣíìpù náà mọ̀, sórí gbogbo ẹ̀rọ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé. Ìkejì, àwọn bọ́ọ̀dù oníhò gígùn kan wà tí ìlà iná etí wọn gé sí méjì láàárín. Ọmọ á kó iná sápá kan, á máa wá a lápá kejì. Ìkẹta, bátìrì onígun kékeré oní-9 fóòtù kò lè yí mọ́tọ̀. Fóòtù rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè tú iná tó pọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkẹrin ló léwu. Bátìrì 18650, èyí roboto tó ṣeé ṣájì, ni a fi ń gbé róbọ́ọ̀tì, méjì lórí ara wọn jẹ́ 7.4 fóòtù. L298N á gbé bíi 2 fóòtù jẹ nínú rẹ̀, ohun tó kù á sì bá mọ́tọ̀ mu. Èyí tó dára jù lágbàáyé kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3,500 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú). Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí lára, irọ́ ni, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ẹ má ṣe é ní ṣájì nígbà tí kò sẹ́ni ńlé, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọ kankan gbé e lọ sílé. Bí orí àti ìdí rẹ̀ bá kan owó irin nínú àpò ṣòkòtò, yóò gbóná débi tí yóò jó àpò náà.

Kí ọmọ kankan tó dé, ẹ dán gbogbo ẹrù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ó súni. A gba alẹ́ méjì láti ṣe é, LED 11 ló ti kú láti ilé onítajà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ayò kí kọ̀ǹpútà tó wọlé

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣí lápútọ́ọ̀pù. Ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ìkọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn kọ ìtọ́sọ́nà bí a ṣe ń ta á sórí ìwé, kí ẹlòmíràn tó ń ṣe bí ẹni tí kò tíì rí ayò rí tẹ̀ lé e lọ́rọ̀ kan sí òmíràn. Ọmọ á kọ pé "kó ayò, kó o sì fún un." Ẹni tó ń ṣe é á kó gbogbo ayò ọpọ́n. Ẹ̀rín á sọ. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ dáadáa: mú ihò kan, kó ohun tó wà nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ kò bá tíì ṣófo, sún síhò tó kàn, ju ọ̀kan sí i. Wọ́n ti kọ kóòdù àkọ́kọ́ wọn nìyẹn, iná NEPA kò sì kàn wọ́n.

Ọjọ́ kejì ni Scratch bẹ̀rẹ̀. MIT ló gbé e jáde ní 2007, ọmọ kì í tẹ ọ̀rọ̀ níbẹ̀, bíi bíríkì ló ń tò wọ́n lé ara wọn. Àwọn tó ti dàgbà á máa ṣe fújà pé eré ọmọdé ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ṣe eré ayò tí a tà tán lánàá, ẹnu wọn á pa mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Python, láti ara àdìrẹ

Ìlú aró la wà. Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò tíì rí àdìrẹ rí. Ẹ mú aṣọ kan wá, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí iṣẹ́ ọnà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí kóòdù ń pè ní lúùpù nìyẹn, aláró ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Nínú Python, ìjàpá kan wà tó ń fi ìrù ya ìlà:

import turtle
k = turtle.Turtle()
for igba in range(36):
    for egbe in range(4):
        k.forward(80)
        k.right(90)
    k.right(10)
turtle.done()

Ìlà inú lọ́hùn-ún ń ya onígun mẹ́rin kan. Ìlà ìta ń yí i ní ìwọ̀n 10 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà 36, títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, torí pé 36 lọ́nà 10 jẹ́ 360. Ohun tó máa jáde lójú ẹ̀rọ, ẹni tó bá ti jókòó ti aláró á mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́: kí wọ́n fi 7 sípò 10, kí wọ́n fi 3 sípò 4. Ọmọbìnrin kan sọ ọ́ di irú ọ̀ṣọ́ kan tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fi ya aṣọ, èmi ò mọ̀ bóyá ó padà ya á.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa àyè iwájú ìlà. Python ò gbojú fo àyè kan tó bá yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ìdajì ẹkún ọ̀sẹ̀ kejì ti máa ń wá. Àwọn tí kò ní ẹ̀rọ nílé lè fi áàpù Pydroid 3 tó ń lo Python sórí fóònù Android, yóò ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún

Mo fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ yìí jù. Gbogbo ìlú ló mọ àtùpà olójú 16 tí wọ́n ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ ní kí àwọn ọmọ kọ́ tiwọn, pẹ̀lú LED 16, kí wọ́n sì máa tàn tẹ̀ léra wọn.

Arduino Uno ní ẹsẹ̀ 14 tí a fi nọ́ńbà pè, 0 dé 13. Ẹsẹ̀ 0 àti 1 ló fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ku 12. Ibo la ti máa rí mẹ́rin? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn pé A0 sí A3 náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, orúkọ mìíràn tí wọ́n ń jẹ́ ni 14 sí 17. Ẹsẹ̀ 2 sí 17, mẹ́rìndínlógún géérégé.

void setup() {
  for (int ese = 2; ese <= 17; ese++) pinMode(ese, OUTPUT);
}
void loop() {
  for (int ese = 2; ese <= 17; ese++) {
    digitalWrite(ese, HIGH);
    delay(300);
  }
  delay(1000);
  for (int ese = 2; ese <= 17; ese++) digitalWrite(ese, LOW);
  delay(1000);
}

Ẹ wo rẹ̀sísítọ̀ dáadáa. Ìwé púpọ̀ ní kí a fi 220 ohm sídìí LED. Fún LED kan, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n LED pupa kan á fa bíi 13.6 mA (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) bẹ́ẹ̀, mẹ́rìndínlógún á fa bíi 218, ọkàn Arduino yẹn kò sì gbọ́dọ̀ gbé kọjá 200 lápapọ̀. Bí ẹ bá lo 1,000 ohm, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fa 3 mA, gbogbo wọn á jẹ́ 48. Ìmọ́lẹ̀ náà á rọ̀ díẹ̀, bíi ti àtùpà gan-an. A ti fi bọ́ọ̀dù kan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ìgbà tí iná 16 bá ń tàn tó ń kú lójú wọn, tó bá yín lára mu, ẹ lè sọ̀rọ̀ nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀: tàn tàbí kú, ọ̀kan tàbí òdo. Ojú odù Ifá náà kò ju àmì méjì lọ, ẹyọ ọ̀kan tàbí ẹyọ méjì. Àyè mẹ́rin fún wa ní 16, àyè mẹ́jọ fún wa ní 256, iye odù náà gẹ́lẹ́. Àyè mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà ń pè ní báìtì kan, iye tó lè kọ sínú rẹ̀ sì jẹ́ 256. Kí ààfáà àti pásítọ̀ má bínú sí mi, ìṣirò ni mò ń ṣe. Bí òbí kan bá fẹ́ tutọ́ sókè, ẹ fi owó ẹyọ tó ní orí àti ìdí ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ọkọ̀ tó ń rí ògiri

Ojú HC-SR04 ń ké igbe tí etí wa ò gbọ́, ó sì ń ka àkókò tí gbohùngbohùn fi padà wá. Ohùn ń rìn bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Igbe náà lọ, ó tún bọ̀, nítorí náà ẹ pín ìrìn náà sí méjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé ọwọ́ síwájú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, kó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó wo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà. Kó tún fi tìmùtìmù ṣe é, kó rí i pé ohun tó rọ̀ máa ń gbé ohùn mì.

Lẹ́yìn náà ni táyà. Ọkọ̀ á máa rìn, bí ògiri bá kù sẹ̀ǹtímítà 15, á dúró, á yípo. Ó rọrùn lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin ló máa gbà, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ gidi wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ti kú."

"Kò kú. Kí lo rí?"

"Iná ń tàn lára bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n táyà ò yí."

"Bátìrì ńkọ́?"

"Mo fi mítà iná wọ̀n ọ́n, sà. 7.8 fóòtù ni."

"Kóòdù ńkọ́?"

"Ó wọlé."

"Kí ló wá kù?"

Mo bá rìn kúrò níbẹ̀. Ó ṣòro, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, nítorí pé mo ti rí ohun tó ṣe é láti òkèèrè. Ó jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 20, ó ń fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: "Wáyà dúdú bátìrì lọ sídìí L298N. Wáyà dúdú Arduino ò lọ síbì kankan!"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ilẹ̀ wọn ò pa pọ̀. Bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí gíga igi, tí ọ̀kan dúró lórí òkè, tí èkejì wà ní ìsàlẹ̀ odò, kò sí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe lè bára mu. Arduino ń sọ pé 5 fóòtù, L298N ò sì mọ ibi tó ti ń kà á. Wáyà kan péré láti GND (ihò ilẹ̀) Arduino sí GND L298N, ọkọ̀ bá gbéra, ó lọ kọlu ẹsẹ̀ àga.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn yìí lẹ gbọ́dọ̀ kọ́ wọn, ní ètò kan náà ní gbogbo ìgbà. Iná kọ́kọ́: ṣé bátìrì ní agbára, ṣé ilẹ̀ pa pọ̀? Wáyà lẹ́yìn rẹ̀: ṣé ó gún dáadáa, ṣé ihò tó tọ́ ló wà? Kóòdù ló kẹ́yìn, nítorí pé òun ni gbogbo ọmọ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ tún ṣe, tí wọ́n á sì fi ba èyí tó dára jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó yí òmíràn. Òfin tó wà fún olùkọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá na ọwọ́ tún wáyà ọmọ ṣe, a máa ń gba 100 náírà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú agolo. Èmi ni mo ti san jù.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́

Kí àwùjọ kọ̀ọ̀kan yan ohun kan nílé tàbí ládùúgbò wọn tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Ẹ má yàn án fún wọn. Ti tiwa ni ohun tó ń pariwo bí omi bá fẹ́ kún táǹkì, iná tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, àti agogo ìsọ̀ tó ń dún bí oníbàárà bá wọlé nígbà tí ìyá wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ kó wọn jáde. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, kí wọ́n rí i pé ètò tí wọ́n kọ́ lòun náà fi ń wá ibi tí fóònù ti kú, pẹ̀lú mítà kan náà. Ẹ mú wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń so sólà, kó ní kí wọ́n bá òun ṣírò wáàtì ilé oníyàrá mẹ́ta. Iṣẹ́ tó wà nínú ìlú yìí nìyẹn, owó sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn òbí fẹ́ràn kí ọmọ sọ pé Google lòun ń lọ. Kò burú, àmọ́ ẹni tó lè tún ínfátà ṣe kò ní sùn lébi ní Òṣogbo.

Fún àwọn tó fẹ́ kàwé jìnnà, ẹ sọ̀rọ̀ tààrà pẹ̀lú ọmọ JSS3 àti SS1 nípa Físíìsì àti Ìṣirò. Ọmọ tó bá fi Físíìsì sílẹ̀ nítorí pé tísà rẹ̀ burú ti fi ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Yunifásítì nìyẹn. UNIOSUN wà nítòsí wa, OAU wà ní Ilé-Ifẹ̀, Pọlí ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹdẹ. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe é lọ́wọ́ láti wá bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Fún àwọn tó ti jáde iléèwé girama, ẹ júwe ètò 3MTT, ìyẹn ètò ìdálẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, fún wọn.

Ọ̀pọ̀ yín á rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ yìí pín fún àwọn ọmọ SS ní 2013. Ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú rẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kíkà ni wọ́n ń kà á. Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ mú kúrò lọ́dọ̀ wa ni ìwé aláwọ̀ búlúù kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ohun tó ṣe, ibi tó ti bàjẹ́, bó ṣe rí i. Àwọn tó bá ti pé ọdún 13 lè ṣí àkáǹtì GitHub, ibi tí a ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kó kóòdù wọn sí i. Bí ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ bá bèèrè ohun tí wọ́n lè ṣe lọ́jọ́ iwájú, ìwé búlúù yẹn ni kí wọ́n gbé fún un.

Òbí, owó, àti ààbò

Ẹ gba owó, bó tilẹ̀ kéré. Ohun ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kọ́mọ tètè dé. Ẹ sì fi àyè mẹ́rin sílẹ̀ fún ọmọ tí kò lè san, kí ẹni tó mọ̀ má ju ènìyàn méjì lọ. Ẹ san owó fún àwọn olùkọ́, kódà kó jẹ́ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tẹ́ ẹ bá fi àdúrà nìkan sanwó fún kò ní wá lọ́sẹ̀ kẹta.

Kí àgbàlagbà má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè wá mú ọmọ lọ sílé, ẹ má sì fọmọ fún ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ìparí, ẹ pe àwọn òbí. Ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ sọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí àwùjọ kọ̀ọ̀kan gbé ohun tí wọ́n ṣe síta, kí òbí kan fa wáyà kan yọ nígbà tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí i, kí wọ́n sì wá a níṣojú gbogbo ènìyàn. Bàbá kan fa wáyà mẹ́ta yọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá owó òun kò ṣòfò. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ́mọ rẹ̀ fi rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn tí òbí bá ti lọ tán, kí àwọn ọmọ tú gbogbo róbọ́ọ̀tì ká, kí wọ́n ka ẹrù padà sínú àpótí, nítorí ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, LED 271 ló padà nínú 300. A dá wọn dúró, a yẹ abẹ́ àga wò, a yẹ báàgì wò. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí mo ń bọ́ ṣòkòtò nílé, mo bá méjì nínú àpò tèmi.